Ṣí I Kí N Rí I: Iṣẹ́ Títún Ìbọn Ṣe ní Peckham

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa ní Peckham ní kí àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì máa kọ ìtàn iṣẹ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa fi ayé wọn ṣe lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti kọ tirẹ̀, awakọ̀ ti kọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin tó ń kó ìwé ìròyìn náà jọ wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Daddy, no offence o, ṣé ẹ ti shoot ẹnikẹ́ni rí?"

Mo ní, "Rárá. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn ṣe title."

Títún ìbọn ṣe ni iṣẹ́ mi, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú títí di ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mi ò jẹ́ ṣọ́jà, mi ò jẹ́ ọlọ́pàá. Ká ní kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi ni, ǹ bá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn kí n máa ròyìn ara mi. Bọ̀dá Súlè lorúkọ wọn, ìyá kan náà ló bí wa, Philadelphia ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n máa ń fi há ìbàdí lábẹ́ aṣọ, ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ló sì fún wọn láṣẹ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ gbé e kọjá odò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn tí àṣẹ yẹn ò ti já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀wọ̀n ló wà ní òdìkejì odò náà. Èmi wà ní Peckham níbí, nínú kíṣìnnì mi, mo ń wò wọ́n lójú fóònù. Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, àfi kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà ò gùn. Mò ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan lójú Old Kent Road, mo wá rí pátákó kan lábẹ́ afárá rélùwéè lẹ́bàá Peckham Rye pé wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ ni baba mi ní Ìsẹ́yìn, mo ti bá wọn fínná, mo ti bá wọn di irin mú. Mo wọlé, mo ní mo mọ irin. Ọ̀gá ibẹ̀ wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé. Ohun tó ń san fún mi kéré, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Òyìnbó gbọọrọ kan ni Mísítà Háskìn. Ó fẹ́ kí n máa pe òun ní orúkọ òun gan-an bí ẹgbẹ́ rẹ̀, mo kọ̀, a sì parí ìjà náà sórí "Mísítà." Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń lò fún un nínú ìtàn yìí. Bó ṣe fẹ́ nìyẹn, ẹ má rò pé n kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó lè má sọ ju gbólóhùn kan lọ láti àárọ̀ títí di ìgbà tá a bá mu tíì ọ̀sán.

Níbẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìbọn rárá. Ó fún mi ní irin kan tó tó ọṣẹ ìfọṣọ, ó fún mi ní fáìlì, ó ní kí n ha á títí ojú rẹ̀ gbogbo á fi dọ́gba. Tí mo bá rò pé mo ti ṣe tán, á gbé òdiwọ̀n irin lé e, á gbé méjèèjì sókè sójú fèrèsé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín wọn, bó ti wù kó tín-ín-rín tó, inú garawa ìdọ̀tí ni irin mi ń lọ, á sì fún mi ní òmíràn. Ìka mi bó. Ọrùn mi gan. Mo máa ń bínú délé, ìyàwó mi á ní kí n jókòó jẹun, kí n yé bá àwo jà. Àmọ́ mi ò ní kúrò níbẹ̀ kí irin kan tó ti ọwọ́ mi dọ́gba, mo ti fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí ọjọ́ yẹn dé, Mísítà Háskìn gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó títí, ó gbé e kalẹ̀, ó ní kí n lọ gbé omi kaná.

Gbogbo ìyẹn, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin rẹ̀ kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìbọn kì í ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì lásán. Ẹni tó ń fúnni á ṣí i. Ẹni tó ń gbà á á fi ojú ara rẹ̀ wo ibi tí ọta ń wọ̀, á ti ìka kékeré bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fúnni á ní, "Ó ṣófo." Ẹni tó gbà á á ní, "Mo rí i." Ìgbà yẹn ló tó lè jọ̀wọ́ ìbọn fún ẹ. Kódà kó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán, tẹ́ ẹ gbé ìbọn kalẹ̀ láti mu tíì, bẹ́ ẹ bá tún ti gbé e, ẹ ó tún un ṣe.

Ẹ wá wo èmi ọmọ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni pé tí àgbà bá na nǹkan sí ẹ, ọwọ́ méjèèjì lo fi ń gbà á, wàá tẹríba, wàá dúpẹ́. Tó bá jẹ́ abọ́ oúnjẹ ni, o ò ní ṣí ìdérí rẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n má baà rò pé ò ń wò ó bóyá ó kéré. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Mísítà Háskìn na ìbọn sí mi tó ní ó ṣófo, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, mo ní "thank you, sir," mo yíjú. Ó já a gbà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Kí lo gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́ pé ó ṣófo.

"Kí lo rí?"

Mo ní mi ò wo inú rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kó o gbà mí gbọ́? Mo ti ń dàgbà. Mo máa ń gbàgbé nǹkan. Èmi àtìyàwó mi lè ti jà láàárọ̀ yìí. Ìbọn ò mọ ìkankan nínú ìyẹn. Tó o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi, yẹ ọwọ́ mi wò."

Ó ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, ó ń na ìbọn sí mi, mò ń ní kó ṣí i kí n rí i. Ojú kọ́kọ́ ń tì mí gidigidi. Nígbà tó yá ojú ò tì mí mọ́.

Iṣẹ́ wa kì í ṣe ti irin nìkan, òfin pọ̀ nínú rẹ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ìbọn tó bá wọlé, ìwé àṣẹ ẹni tó ni ín la kọ́kọ́ ń wò, a ó sì fi nọ́ńbà ara ìbọn wé tinú ìwé. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn wa fi gbọ́ pé ọmọ Yorùbá kan wà nídìí ìbọn ní Peckham, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá. Ẹni tí wọ́n jà lólè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Rye Lane á wá. Pásítọ̀ kan tí ìjọ rẹ̀ wà nínú wíáháòsì kan lójú Old Kent Road náà wá, ó fi kóòtù bo ẹnu sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Uncle Múfú, kékeré ni mo ń wá o, èyí tó lè wọ àpò. It's just for protection. There must be a form."

Mo ní, "Kò sí form kankan, Pastor. Tí ẹ bá kọ ọ́ síbì kan pé torí kí ẹ lè dáàbò bo ara yín ni, ẹ ti fọwọ́ ara yín ba ọ̀rọ̀ ara yín jẹ́."

"So kí ni wọ́n expect kí èèyàn ṣe?"

"Kí ẹ gba security. Kí ẹ fi camera síbẹ̀. Kí ẹ sì yé kó ọrẹ lọ sí báńkì ní Monday ní aago kan náà bí ẹni ń lọ síṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni mo sọ fún un. Ní London níbí, o lè rí ìwé àṣẹ gbà fún ìbọn gígùn, tó o bá ń ṣọdẹ tàbí tó o bá ń fi ṣeré ìdárayá. Ọlọ́pàá á wá wo ilé ẹ, wọ́n á wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tó o fẹ́ tì í mọ́, wọ́n á bi dọ́kítà ẹ léèrè nípa ẹ. Àmọ́ pé kí èèyàn máa fi ìbọn ìléwọ́ há abẹ́ aṣọ kiri ìgboro torí olè, wọn ò fún aráàlú láṣẹ ìyẹn. Ẹni tó tiẹ̀ níwèé ìbọn gígùn ò lè gbé e kọ́ èjìká lọ ra búrẹ́dì. Mo sọ ọ́ títí ẹnu fi ń dùn mí, mi ò sì yí i padà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́, ìbáà jẹ́ ará ilé Ọlọ́run.

Nígbà kan ṣá, ìbọn ìléwọ́ wà fún eré ìdárayá. Àwọn èèyàn máa ń tọ́jú rẹ̀ sí kíláàbù, wọ́n á fi yìn sójú bébà. Òun gan-an ni mo mọ̀ ọ́n tún ṣe jù. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan fi ìbọn ìléwọ́ pa àwọn ọmọ iléèwé lórílẹ̀-èdè yìí, gbogbo ìlú sunkún sí i, ìjọba sì ní ó tó. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní in lọ dá a padà fún ọlọ́pàá. Baba arúgbó kan gbé tirẹ̀ wá bá wa kó tó lọ dá a padà, ó ní ká bá òun nù ún, ká fi òróró sí i. Mísítà Háskìn ò béèrè ìdí. Ó tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó tò ó padà, ó ṣí i, ó ní, "Ó ṣófo." Baba náà wò ó, ó ní, "Mo rí i." Ó gbé e lọ.

Ó dùn mí. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ di aláìwúlò. Àmọ́ mi ò bá òfin náà jà, torí mo ti mọ ohun tí irin kékeré yẹn lè ṣe, mo sì lọ́mọ tó ń lọ síléèwé. Mísítà Háskìn gbé igi kan síwájú mi, ìdí ìbọn ọdẹ tó ti là, ó gbé fáìlì igi tì í. Ó ní, "Tún bẹ̀rẹ̀." Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ náà sì ń yí padà lójú wa. Ohun tá à ń fi ọwọ́ ha láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀rọ dé tó ń ha á tán kí tíì tó tutù. Kámẹ́rà kékeré orí wáyà dé, tá a lè tì bọ inú ìbọn, ká sì máa wo gbogbo ìdọ̀tí inú rẹ̀ lójú gíláàsì. Mísítà Háskìn ní òun ò lè máa wo ìbọn bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ mo ti bá a nídìí rẹ̀ rí nígbà tó rò pé mo ti jáde, tó dorí kodò bí ọmọdé tó ń ṣe géèmù.

Àsìkò yẹn ni Ganíyù dé. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, Aylesbury Estate ló ń gbé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ pé kí n kọ́ ọ níṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa ju tèmi lọ, mo lè sọ ìyẹn báyìí. Ó mọ òfin ilé iṣẹ́ wa dáadáa. Tí òyìnbó bá gbé ìbọn wá, Ganíyù á ní kó ṣí i kí òun rí i, kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni.

Alhaji Ọlátúnjí ló wọlé lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wa ni wọ́n, wọ́n máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ lọ yin ìbọn ẹlẹ́nu méjì sí àwo amọ̀ tí wọ́n ń jù sókè, ìwé àṣẹ wọn sì pé. Àwọn náà ni wọ́n bá Ganíyù tọrọ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àna, wọ́n ṣe baba fún un. Wọ́n ní ẹnu òsì ìbọn àwọn ò yìn mọ́. Àwọn gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, ọ̀tún yìn, òsì kọ̀, àwọn sì ti yọ ọta inú rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì nídìí ẹ̀rọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà.

Alhaji na ìbọn náà sí i, wọ́n ní, "Ganíyù ọmọ mi, ó ti ṣófo, mo ti yọ ọ́." Ganíyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú épúróònù tó wọ̀. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́. Kò ṣí i. Báwo ló ṣe máa ṣí i lójú ẹni tó bá a tọrọ ìyàwó? Ó fẹ́ gbé e wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbi tí Alhaji ò ti ní rí i. Nígbà tó dé ìdí kọ́tìnnì, ó fi ìdí ìbọn náà gúnlẹ̀ kí ó lè fi ọwọ́ ọ̀tún sún aṣọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lẹ́nu ìbọn.

Ọta tí Alhaji yọ, ti ẹnu ọ̀tún ni, èyí tó ti yìn. Ti òsì ṣì wà níbẹ̀. Irin inú ìbọn náà ti jẹ, bó ṣe kan ilẹ̀ báyìí, ó yìn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, Ganíyù jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ti ẹlòmíì fún. Mo tú láwàní Alhaji lórí wọn, mo fi dì í. Alhaji ń sọ pé, "Mo ti yọ ọ́. Mo ní ó ti ṣófo," wọn ò dákẹ́ títí áńbúláǹsì fi dé. Ìka méjì ló lọ. Ọlọ́pàá ti ṣọ́ọ̀bù pa títí wọ́n fi wádìí ọ̀rọ̀ tán, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ Alhaji. Alhaji ò béèrè fún un mọ́ títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí mo lọ kí Ganíyù lọ́sibítù, ó ní, "Bọ̀dá Múfú, mo fẹ́ ṣí i o. Mo swear. Mo kàn fẹ́ kúrò níwájú wọn ná ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Mo bínú, kì í ṣe sí i, kì í ṣe sí Alhaji. Ohun tó dáa tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ni mo bínú sí, pé ó lè wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Mo pinnu níbi tí mo jókòó sí pé ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ mi ò tún ní lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì mọ́ láti yẹ ọwọ́ àgbà wò. Láti ìgbà náà, tí àgbà wa kan bá gbé ìbọn wọlé, mo máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Màá wá dìde, màá ní, "Ẹ ṣí i kí n rí i." Àwọn kan bínú kúrò. Wọ́n ní London ti bà mí jẹ́. Mi ò mì.

Ganíyù ò lè di fáìlì mú mọ́ bó ṣe yẹ, ó lọ kọ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì, ó sì ń wà á di òní. Mísítà Háskìn kú, ó fi àwọn fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo bá iṣẹ́ náà lọ títí ọwọ́ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo wá ti ilẹ̀kùn fúnra mi. Kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ irú iṣẹ́ yìí, mi ò ní tàn yín, ààyè ti dín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù kí ẹ kọ́, ẹ wá ọ̀gá tí inú rẹ̀ máa ń dùn tí ẹ bá yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Ó wá ku ti Bọ̀dá Súlè. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi lẹ́yìn ikú baba wa. Àwọn ni wọ́n rán mi wá London kí àwọn tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Mi ò dá wọn lóhùn láìdáa rí láyé mi.

Ọjọ́ Sátidé ni. Bọ́lá, ọmọ wọn obìnrin, bímọ ní New Jersey, wọ́n fẹ́ wakọ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wa, àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ganíyù wà lọ́dọ̀ mi, ó ra ẹja wá, a jọ ń jẹun ní kíṣìnnì nígbà tí wọ́n fi fídíò pè.

Wọ́n ní, "Múfú, a ti ń múra o. Kó o wà lórí line tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àdúà."

Wọ́n gbé fóònù ti nǹkan kan, wọ́n ń wọ fìlà. Mo rí i tí wọ́n gbé búbá sókè, tí wọ́n fi ìbọn náà há ìbàdí bí ẹni ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ìyẹn náà ń lọ?"

"Ibo ni mo ń lọ láìsí i? Mo ní permit."

"Permit Pennsylvania ni, sà. New Jersey lẹ ń lọ."

"Bridge lásán ló wà láàárín wọn. Driver's licence mi náà, Pennsylvania ni. Ṣé wọ́n máa ń dá mi padà ni?"

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà tó ti Amẹ́ríkà wá. Wọ́n rò pé bí láísẹ́nsì ọkọ̀ ṣe ń rìn ni ti ìbọn ṣe ń rìn. Rárá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lóhun tó fẹ́. Òmíì ò béèrè ìwé rárá, òmíì gba ìwé aládùúgbò rẹ̀, òmíì ò gba ìwé ẹnikẹ́ni àfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá fún ẹ. Irú ti ìkẹyìn yìí ni New Jersey.

Mo ní, "Bọ̀dá, tí ọlọ́pàá ibẹ̀ bá da yín dúró torí iná ọkọ̀ lásán, tí wọ́n bá rí i lára yín, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn ò ní wo permit yẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ? London tí wọn ò ti jẹ́ kí ẹ mú ọ̀bẹ ìdáná jáde?"

"Iṣẹ́ mi ló sọ fún mi."

"Okay, màá fi sínú pigeonhole ọkọ̀. Calm down. Kò tiẹ̀ sí nǹkan nínú ẹ̀. Ó ṣófo."

Ganíyù gbé ojú sókè látinú àwo. Mo rí wọn nínú ẹ̀wọ̀n, mo rí àwọn ọmọ-ọmọ wọn nínú ọkọ̀ tí nǹkan yẹn wà láàárín wọn.

Mo ní, "Ẹ ṣí i kí n rí i."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Mùfútáù." Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. "Èmi ni mo sọ pé ó ṣófo, o ní kí n ṣí i. O mọ ohun tí ò ń pè mí?"

"Mo mọ̀ yín sí ẹ̀gbọ́n mi, sà. Ẹ ṣí i kí n rí i."

"Màá gé phone yìí o."

Ẹ̀rù bà mí, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gé e, wọ́n lè má pè mí mọ́ láéláé, wọ́n á sì gbé e lọ. Mo gbé fóònù fún Ganíyù. Mo di tábìlì mú, mo sọ orúnkún mi tí kò dáa kalẹ̀, mo sọ èkejì kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì kíṣìnnì. Mo ní kí Ganíyù gbé fóònù sísàlẹ̀ kí wọ́n lè rí mi.

Mo ní, "Bọ̀dá, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò pè yín lópùrọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kí n rí i. Mi ò ní dìde."

"Dìde ńbẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ ò dáa."

"Mo mọ̀ pé kò dáa, sà."

Ìyá Bọ́lá, ìyàwó wọn, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan tí mi ò rí. "Baba Bọ́lá, ẹ kúkú ṣí i fún un. Àbúrò yín wà nílẹ̀."

Wọ́n pòṣé. Wọ́n yọ ọ́ níbàdí, wọ́n fa ilé ọta kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e sójú fóònù. Òfìfo ni. "Ṣé o ti rí i?"

"Mo rí ìyẹn. Ẹ fa òkè rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan lè ṣì wà nínú ibẹ̀."

Wọ́n fà á bí ẹni ń bínú fa ilẹ̀kùn. Ọta kan tó pupa bí idẹ fò jáde, ó kan etí tábìlì, ó yí lọ sídìí ẹsẹ̀ Ìyá Bọ́lá. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí látorí ilẹ̀ tí mo wà ní Peckham.

Mo ní, "Ẹ tún wò ó, sà. Ẹ ti ìka kékeré yín bọ̀ ọ́."

Wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ibi tí ọta ń wọ̀ sún mọ́ fóònù. Wọ́n ní, "Ó ṣófo."

Mo ní, "Mo rí i."

Wọ́n ṣí àpótí irin tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n tì í lójú mi. Ganíyù gbé fóònù ti ìkòkò tíì, ó na ọwọ́ òsì sí mi kí n lè dìde. Mo di ìka mẹ́ta yẹn mú, mo sinmi díẹ̀, mo sì dìde.

Bọ̀dá Súlè ṣì ń wò wá. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ Ganíyù fún wọn rí. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ yẹn, kí ló ṣe ọwọ́ ẹ̀?"

Ganíyù tẹríba síwájú fóònù. Ó ní, "Wọ́n sọ fún mi pé ó ṣófo, sà."